Àgò Tí A Kàn Fún Ajá Bàbá Mi

Bàbá mi kì í bá àwa ọmọ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Ajá ló ń bá sọ ọ́. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà ní Sùúrùlérè ní ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀: "Sídáàn! Kọ́ọ̀mù hía! Gúùdù bọ́ì!" Ajá á jókòó, ajá á dìde, ajá á máa ju ìrù. Èmi tí mo lọ iléèwé, tí mo kọ́ iṣẹ́ táípù, tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ ní Yábàá lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó pè mí ní gúùdù ohunkóhun rí. Bàbá mi á ní nínú gbogbo ilé, ajá yìí nìkan ló ti ṣetán láti lọ sí òkè òkun. A máa ń rẹ́rìn-ín.

Ajá lásán ni o. Ẹni tó bá ń rò pé ajá òyìnbó onírun gígùn ni mò ń sọ, kó yáa gbàgbé. Ajá ilé ni, ó pọ́n rúsúrúsú, etí kan dúró, èkejì wó lulẹ̀. Bàbá mi rí i lẹ́bàá ojú irin nígbà tó ṣì kéré, ó gbé e sínú àpò wálé, ìyá mi sì bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ọmọ tí òun bí kò tó ni? Ó ní ilé onílé la wà, kí wọ́n má lé wa jáde nítorí ajá. Bàbá mi dákẹ́, ó ń fún ajá ní wàrà. Bí bàbá mi ṣe máa ń borí ìjà nìyẹn.

Ó kú lójijì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lórí àga, kí tíì rẹ̀ tó tutù. A gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sin ín, a padà sí Èkó. Ìyá mi kò sunkún. Àwọn èèyàn ní yóò sun ún tó bá yá. Ó yá, kò sun ún. Èmi náà kò sunkún. Ara mi dà bí apá téèyàn fi orí lé sùn mọ́jú: o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni, àmọ́ o ò lè fi mú nǹkan. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń táìpù, mò ń padà wálé.

Ìyá mi wọ aṣọ dúdú, ó sì dákẹ́. Téèyàn bá kí i, á dáhùn. Tí mo bá bi í pé kí la máa jẹ, á ní ohun tó bá wà. Ajá nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ló fi ń bá a sọ ọ́, ajá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ á sì máa wo ẹnu rẹ̀. "O ò sùn lánàá, àbí? Èmi náà ò sùn. Òjò ò jẹ́ n sùn." Mo máa ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Bí mo bá ti jáde sí wọn, ọ̀rọ̀ á tán. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí gan-an ni. Èmi ni mo kù sílé, èmi ọmọ tó bí, ajá ló wá ń bi léèrè bóyá ó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti wà ní Amẹ́ríkà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Kò lè wá síbi ìsìnkú. Bóyá nítorí ìyẹn ló ṣe sáré, ó bá mi wá iléèwé lọ́hùn-ún, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá wa. Ó ní màámi ò gbọdọ̀ dá gbé ní Èkó. Mo jókòó ti màámi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ajá bàbá wa sílẹ̀.

Mo ní, "Màámi, Amẹ́ríkà ni mo sọ o."

Ó ní, "Ṣé kò sí ajá ní Amẹ́ríkà ni?"

Mo ní ó wà.

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Tí ajá ò bá lọ, èmi ò lọ." Ó dìde, ó lọ ká aṣọ lórí okùn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n ò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sí mi.

Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ajá lè lọ tó bá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí dókítà ẹranko bá fọwọ́ síwèé, tí a bá sì kan àpótí tí yóò wà nínú rẹ̀ bí ìwé wọn ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ọ̀hún. Wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sókè ìwé náà, wọ́n ya ajá tó dúró nínú àpótí sísàlẹ̀, wọ́n sì kọ bí yóò ṣe gùn, bí yóò ṣe ga, bí ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rìnrìn àjò nígbà yẹn. Bóyá bí a ṣe ń rìn ín títí dòní náà nìyẹn. Èèyàn kì í sọ. O lè máa pọn omi nínú kànga kan náà pẹ̀lú èèyàn, kẹ́ ẹ jọ máa yá ara yín ní iyọ̀, lọ́jọ́ kan o máa jí, wàá bá ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní títì, wàá ní, "Háà! Wọ́n mà ti lọ!" Ẹni tó bá sọ ṣáájú, tí wọn ò bá wá fún un ní físà, ta ni yóò bá a gba ìtìjú yẹn? Ká tiẹ̀ má tíì sọ ti ayé. "Ayé lè gbọ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ayé wo.

Ní tiwa, ayé náà ní ilé, Mushin ló ń gbé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀ wá wò ó bóyá aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tó bá gbọ́ pé opó fẹ́ sọdá òkun nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún nílẹ̀, gbogbo àgbà ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò kó wá bá wa. A pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ò sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá, nítorí ilé rẹ̀ la gbé àpótí aṣọ sí. Àpótí kan ṣoṣo la fi kó ẹrù àwa méjèèjì. Inú apẹ̀rẹ̀ ọjà la ti ń kó aṣọ náà jáde nílé díẹ̀díẹ̀, ata lókè, ìró nísàlẹ̀.

Àṣírí èèyàn rọrùn pa mọ́. Ti ajá ló ṣòro. Nígbà tí a mú un lọ gba abẹ́rẹ́, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa rí wa. Ìyá mi ní ajá ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ ń gbé ajá lọ rí dókítà? Ìyá, owó yín mà pọ̀ o! Ọmọ tèmi ń wúkọ́ níhìn-ín, ẹ bá mi mú òun náà dání."

Ìyá mi ní kó pẹ̀lẹ́, a sì kọjá lọ.

Ó wá ku àpótí ajá. Káfíńtà kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ń kan àga fún gbogbo àdúgbò. Mo fẹ́ mú ìwé ọlọ́kọ̀ òfurufú lọ fún un. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní bó bá rí ọkọ̀ òfurufú lórí ìwé yìí, ilẹ̀ ò ní ṣú kí gbogbo Ojúẹlẹ́gbà tó gbọ́. Ó ní kí n da ìwọ̀n nìkan kọ sórí ìwé mìíràn, ká sì wí fún un pé àgò adìyẹ ni. A jọ lọ.

Káfíńtà wo ìwọ̀n náà, ó wo ojú wa. "Adìyẹ wo ló ga tó báyìí?"

Ojú ìyá mi ò mì. Ó ní, "Tòlótòló ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Inú rẹ̀ dùn. Ó jọ pé tòlótòló ni gbogbo nǹkan tó ti ń retí láyé rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Àgò tó kàn dára, kò sí ìṣó kankan tó yọrí. Ó fá gbogbo igi rẹ̀ dán. Ó ṣe ibi omi sí i, ó ṣe ibi oúnjẹ sí i. Ilẹ̀ rẹ̀ wá ńkọ́? Igi pẹlẹbẹ ló tò síbẹ̀, ó fi àlàfo sáàárín wọn, kí ìgbẹ́ tòlótòló lè máa já bọ́ sísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú. Ó ní, "Kò ní rùn rárá, Ìyá." Ìyá mi ní kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a gbé e délé, mo sọ fún ìyá mi pé ẹsẹ̀ ajá máa bọ́ sínú àlàfo yẹn, pé ká ní kó fi pákó dí i.

Ó ní, "Tá a bá ní kó dí i, á béèrè irú tòlótòló tí kì í ṣu."

Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti pa mí. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. A wá páálí nípọnnípọn, a tẹ́ ẹ sórí àwọn igi náà, a ní ó ti tó. Ìyá mi mú ajá wọ inú rẹ̀, ó jókòó tì í lórí àpótí kékeré, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sùn. Ajá náà ò yọ wá lẹ́nu rárá.

Àmọ́ gbogbo ilé ti ń retí tòlótòló. Obìnrin iwájú wa wá wo àgò, ó yí i po. "Kérésì tọdún yìí á dùn o! Ẹ rántí pé itan kan ti wa ni." Àbúrò bàbá mi náà dé lọ́jọ́ Àìkú, ó wò ó, ó yínmú. "Opó ló ń sin tòlótòló?" Ìyá mi ní ọ̀fọ̀ ò ní kéèyàn má jẹun.

Ọjọ́ tí a lọ, a jáde bí ẹni tó ń lọ sí ìta lásán. A ní à ń lọ gbé tòlótòló wá láti Agége, pé ajá ní abẹ́rẹ́ kan tó kù lọ́nà ibẹ̀. Ìyá mi fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn kí ó lè jọ pé à ń bọ̀. Mo fi okùn fa ajá, onítakisí gbé àgò sẹ́yìn ọkọ̀, a yà gba àpótí wa ní Yábàá, a kọjá sí Ìkejà. Mo ń wo àdúgbò láti ojú fèrèsé. Mo rò pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣe mí, pé ilẹ̀ tí wọ́n bí mi sí ni mò ń fi sílẹ̀ yìí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Èso ìgbá tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mò ń wò, mò ń ronú pé ó pọ́n dáadáa.

Ní pápákọ̀ òfurufú, a ti ajá wọ inú àgò, a tì í. Ariwo ọkọ̀ kan dún lókè, ajá gbọ̀n, ó sì tọ̀. Ọkùnrin tó ń gba ẹrù wá, ó yẹ ìwé abẹ́rẹ́ wò, ó ní ó péye. Ó wá ní kí ẹnì kan bá òun gbé àgò náà sókè. Páálí tí ìtọ̀ ti rin ya. Ẹsẹ̀ ajá méjèèjì tẹ̀yìn bọ́ sínú àlàfo, wọ́n ń mì dirodiro nísàlẹ̀ àgò. Kò gbó. Ó kàn ń wo ìyá mi.

Ọkùnrin náà rọra gbé e kalẹ̀, ó bá wa yọ ẹsẹ̀ ajá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan àwọn igi náà. Kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Àgò ẹyẹ lèyí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á dá kí wọ́n tó gbé e dé ìdí ọkọ̀. Mi ò lè gbà á." Ó ní ká lọ kan òmíràn, ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀? Iléèwé tí mò ń lọ ti fẹ́ wọlé. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé ajá fún onítakisí tó ṣì wà níta, kó gbé e padà sílé."

"Fún ta?"

"Fún ìyá iwájú wa."

"Èyí tó ń retí itan tòlótòló?"

Mo ní, "Màámi, ajá ni."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ajá ni." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ìwọ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Màá jẹ́ kí káfíńtà kan òmíràn."

Ó ní kí n ṣí àpótí aṣọ. Mo gbé e dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá, mo ṣí i. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ aṣọ tirẹ̀ kúrò láàárín tèmi. Kò kánjú. Ó yọ ìró, ó yọ bùbá, ó tún wọn ká, ó ń tò wọ́n sórí ìborùn rẹ̀ nílẹ̀. Ó yọ gèlè. Ó yọ Bíbélì rẹ̀. Ó yọ sálúbàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ń wò ó. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ ṣáájú, àbí? Yóò ní, máa kó wọn lọ, kí ẹrù tèmi lè fúyẹ́. Ó dé orí súwẹ́tà tí a rà fún un nítorí òtútù, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó sì dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó ní, "Ìwọ lo máa nílò méjèèjì." Nígbà yẹn ni mo mọ̀.

Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé ajá lẹ mú, tí ẹ fi èmi sílẹ̀?" Àpótí ni mo tì. Mo kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà pé n ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo ń ṣe àmín. Ó di ìdì aṣọ rẹ̀, ó gbé e rù, ó mú okùn ajá. Onítakisí bá a gbé àgò. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo gbé àpótí, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.

Nítorí pé a ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé ìyá mi ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó padà. Inú kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ gbohùn sí fún wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní òun wọlé, òun ká aṣọ lórí okùn. Wọ́n bi í pé èmi ńkọ́, ó ní mo ti lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n bi í pé tòlótòló ńkọ́, ó ní wọ́n ti tà á tán. Ó ní àbúrò bàbá mi wá, ó jó, ó ní opó gidi ni ìyá mi, opó tí kò kọ ilé ọkọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, ajá ń gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ní, "Dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ. Èmi pa rédíò kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń bọ̀. Lẹ́yìn òjò, lẹ́yìn ọdún, lẹ́yìn ìgbà tí ó bá bọ́ aṣọ dúdú. Kò dárúkọ àgò mọ́, èmi náà ò béèrè. Mo ń lọ iléèwé, mò ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan lálẹ́, mo wọ súwẹ́tà méjèèjì lórí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi a máa bi mí pé kí ló dé tí n kì í gbohùn pẹ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì tí à ń fi ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń ní kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè pariwo ní Ìkejà ni mo fẹ́ sọ.

Mò ń lọ aṣọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú tẹligíráàmù lọ́wọ́. Yìnyín ti bo ojú fèrèsé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù. Ó ní, "Màámi ti lọ." Ó ní ojú oorun ni, pé kò ṣàìsàn, pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá gbé e.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má baà jó. Mo ní, "Ajá ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Màámi kú, ajá lò ń béèrè?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tún ìwé náà wò, ó yí i padà. Ó ní wọn ò sọ ti ajá fún òun.